Ó Fi Àìsàn Ọkọ Àbúrò Rẹ̀ Gba Fèrèsé fún Àlè

Ẹ jókòó dáadáa kí ẹ tó ka èyí, nítorí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Obìnrin tó ni ìtàn náà jókòó síwájú mi fún wákàtí mẹ́ta. Ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kákò, wọn ò ṣeé nà mọ́. Mo bi í pé ṣé kí n kọ ọ́ bíi pé òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́, bí a ṣe máa ń ṣe lójú ewé yìí. Ó mi orí.

"Rárá o. Tí wọ́n bá ní kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́, màá bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara mi. Ẹ̀yin ni kí ẹ bá mi sọ ọ́. Ẹ má sì dá mi láre."

Mo ṣèlérí pé mi ò ní dá a láre. Kò sì nira fún mi rárá, ẹ ó rí i.

Ìyá Fọ́ọ̀mù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ìjọba fẹ́ káwọn èèyàn dín iná mànàmáná tí wọ́n ń lò kù, wọ́n wá gbé ìrànwọ́ kalẹ̀: ẹ tẹ́ òwú sábẹ́ páànù yín kí ooru má baà wọlé, ẹ pààrọ̀ fèrèsé yín sí onígíláàsì méjì, ẹ kó ẹ̀rọ amúlétutù àtijọ́ tó ń jẹ iná bí ẹni jẹ ẹ̀pà dànù, àwa á bá yín san nínú ẹ̀. Ó dùn-ún gbọ́ létí. Ta ló wá mọ ibi tí wọ́n tọ́jú ìrànwọ́ ọ̀hún sí? Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, òmíràn wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ iná, ọ̀kan tún wà tó jẹ́ ti àwọn arúgbó nìkan, wọ́n sì fi ìyẹn pamọ́ sí ojú ewé kẹtàdínlógún nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni kì í kà.

Ìyá Fọ́ọ̀mù ń kà á. Ó gbé tábìlì kan síwájú ilé rẹ̀, ó kó fáìlì lé e, àwọn èèyàn á sì wá tò síbẹ̀. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì bá a débẹ̀ pẹ̀lú fèrèsé mẹ́fà tó ti jẹrà. Ìyá Fọ́ọ̀mù kó ìrànwọ́ mẹ́ta jọ fún un, olùkọ́ náà ò sì fi kọ́bọ̀ kún un. Ó mọṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ìyẹn, torí mi ò ní rí nǹkan míì yìn lára rẹ̀ mọ́.

Èyí tó tóbi jù nínú gbogbo ìrànwọ́ yẹn ni ti àwọn tí kò lè mí dáadáa. Ilé tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń gbé, ìjọba á ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Dókítà á kọ ìwé, wọ́n á fi nọ́ńbà aláìsàn náà sínú fọ́ọ̀mù. Nọ́ńbà kan, ilé kan, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ọkọ àbúrò rẹ̀ ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Káfíńtà ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún mẹ́ta ti kọjá tó ti fọwọ́ kan ayùn gbẹ̀yìn. Eruku pákó tó fà símú fún ọgbọ̀n ọdún ló ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Páànù lásán ló wà lórí yàrá tó ń sùn, kò sí àjà. Tó bá ti di ọ̀sán, ẹni tí ara rẹ̀ le pàápàá ò lè dúró níbẹ̀.

Dókítà ò fi bò. Ó ní, "Ooru yàrá yẹn ló máa pa á ṣáájú àìsàn yìí. Ẹ jẹ́ kó wà níbi tó tutù kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé."

Àbúrò yìí, onídìrí ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀yìn Ìyá Fọ́ọ̀mù ló dàgbà sí. Òun ló rán an níléèwé, òun ló fà á lọ́wọ́ fún Káfíńtà lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Nígbà tó gbé ìwé dókítà wá, orí ìkúnlẹ̀ ló wà.

"Àǹtí mi, ọwọ́ yín ni ẹ̀mí ẹ̀ wà o."

"Dìde jàre. Ti àwọn ará ìta ni mò ń ṣe láti àárọ̀, ṣé tèmi ló máa wá ṣòro? Lọ sọ fún ọkọ ẹ pé kó máa wá aṣọ òtútù."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó fi ìwé náà sínú fáìlì. Oṣù méjì ló kù kí ẹ̀ẹ̀rùn dé.

Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Fèrèsé ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ọkùnrin yìí ló ń ṣe fèrèsé onígíláàsì méjì ní gbogbo agbègbè yẹn. Ó ga, ó sìngbọnlẹ̀, ó máa ń fi lọ́fínńdà wẹ̀. Ìyá Fọ́ọ̀mù máa ń darí àwọn èèyàn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ojú ṣe di ojú, tí ọ̀rọ̀ di ti ìyẹ̀wù. Opó ni obìnrin náà, ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń sùn lóun nìkan. Mi ò bá a jà nípa ìyẹn.

Ohun tí mo bá a jà lé lórí ni pé ó ti rí ìwà ọkùnrin náà kí ó tó fún un lọ́kàn. Lójú rẹ̀ kòrókòró ni Ọ̀gá Fèrèsé ṣe gbá òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan lẹ́nu nítorí gíláàsì kan tó fọ́. Eyín fò jáde, ó bọ́ sórí iyanrìn. Òṣìṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ó ń fọwọ́ wá eyín rẹ̀.

Kí ni obìnrin yìí sọ? Ó ní, "Iṣẹ́ ló ń mú un bínú." Ẹ̀yin obìnrin, ẹni tó bá na ẹlòmíràn lójú yín ti fi ọwọ́ tó máa fi nà yín hàn yín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó mú un lọ wo ilé tó ń kọ́. Fèrèsé mẹ́rìnlá, kò tíì sí gíláàsì kan níbẹ̀.

"Màdáàmù mi, wo yàrá iwájú yìí. Tìẹ ni. Ọ́fíìsì ẹ. O ò tún ní jókòó sínú oòrùn mọ́. Yàrá ẹ̀yìn yẹn wá jẹ́ tèmi pẹ̀lú ẹ."

Tèmi pẹ̀lú ẹ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, ó ní ibẹ̀ ló ti mú òun.

"Ṣùgbọ́n àfi kí o bá mi wá ìrànwọ́ o. Ilé yìí ti gbẹ mí."

"Ìdajì ni wọ́n máa bá ọ gbé."

"Ìdajì kọ́ ni mo fẹ́." Ó ti fa fáìlì abẹ́ apá obìnrin náà yọ, ó ń ṣí i. "Ìwé dókítà wo nìyí?"

"Gbé e sílẹ̀! Ti ọkọ àbúrò mi ni."

"Ṣé ó máa tán ni? Ṣé ẹran ni? Fi kọ tèmi, kí o tún fi kọ tiwọn."

"Nọ́ńbà kan, ilé kan ni òfin wí."

"Ṣé wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò?"

Obìnrin náà mọ̀ pé wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ ìyá kan méjì fi nọ́ńbà ìyá wọn kan náà kọ fọ́ọ̀mù méjì fún ilé méjì, wọ́n sì gba méjèèjì. Akọ̀wé ọ́fíìsì ìrànwọ́ yẹn, tó bá ti lu òǹtẹ̀, ó ti parí lójú tiẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ìyá Fọ́ọ̀mù sì mọ ibi tí ògiri ti lanu ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ọjọ́ Ajé ló fi fọ́ọ̀mù Ọ̀gá Fèrèsé sílẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ló fi ti àbúrò rẹ̀ sílẹ̀.

Mo pariwo mọ́ ọn níbẹ̀. Mo ní, "Kí ló dé tí ti ọkùnrin yẹn fi ṣáájú?"

Ó ní, "Ó dúró lé mi lórí ni. Àbúrò mi ò lè dúró lé mi lórí. Ó fọkàn tán mi."

Láàárín ọjọ́ méjì yẹn, ọ́fíìsì náà gbé akọ̀wé àtijọ́ kúrò. Wọ́n gbé ọ̀dọ́mọbìnrin kan síbẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tó ń yẹ gbogbo nọ́ńbà wò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà méjì dé lọ́jọ́ kan náà. Àdírẹ́sì Ìyá Fọ́ọ̀mù ló máa ń wà lórí gbogbo fọ́ọ̀mù tó bá kọ, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ ni méjèèjì bọ́ sí. Wọ́n gba ti Ọ̀gá Fèrèsé wọlé. Èyí tó jẹ́ ti Káfíńtà sọ pé: ẹni yìí ti jẹ àǹfààní náà, kò lè jẹ ẹ́ mọ́.

Ìyá Fọ́ọ̀mù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó yẹ kó sáré lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ yẹn. Kò lọ. Àbúrò rẹ̀ wọlé dé pẹ̀lú kóòmù nínú irun, ó béèrè pé ṣé wọ́n ti fèsì. Ìyá Fọ́ọ̀mù fi lẹ́tà náà sábẹ́ ìdí.

"Wọ́n ní ká ní sùúrù díẹ̀ sí i."

"Àǹtí mi, kò lè sùn mọ́ o. Tó bá di ọ̀sán, ṣe ló máa ń la ẹnu sílẹ̀ bí ẹja tí wọ́n gbé kúrò nínú omi."

"Mo ní ká ní sùúrù! Ṣé èmi ni ìjọba ni?"

Ó jágbe mọ́ ọn, ẹ ò rí nǹkan! Ọmọbìnrin náà bẹ ẹ́ pé kó má bínú.

Ọjọ́ kejì ló tó lọ bá Ọ̀gá Fèrèsé níbi iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ jẹun.

"Jọ̀ọ́, kọ̀wé sí wọn pé o ò ṣe mọ́. Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí o bá jáwọ́, nọ́ńbà ẹ̀ á padà sílẹ̀, màá sì bá ọ wá òmíràn, mo fi ọkọ mi tó ti kú búra."

Ọkùnrin náà ń gé irin. Ó pa ẹ̀rọ, ó nu ọwọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó wá na ọwọ́ náà, ó gbá a létí. Etí rẹ̀ ń hó. Kó tó gbé ojú sókè, ọkùnrin náà ti mú un lọ́rùn, ó gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbá a lẹ́ẹ̀kejì.

"Ta ló kọ fọ́ọ̀mù yẹn?"

Kò lè sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ọkùnrin náà ti dí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

"Mo ní ta ló kọ ọ́? Ọwọ́ ta ló wà níbẹ̀? Tí mo bá gbọ́ pé o débẹ̀ lọ pe orúkọ mi, màá fi irin yìí la orí ẹ. Lẹ́yìn náà ni màá lọ bá àbúrò ẹ, màá sọ fún un pé ìwọ lo ta ọkọ ẹ̀."

Ó jù ú sílẹ̀. Obìnrin náà fi ọwọ́ àti eékún rá jáde. Ó fi ìborùn wé ọrùn, ó sọ fún àwọn aládùúgbò pé òun ṣubú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọkùnrin náà wá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ yàrá iwájú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní èṣù ló ti òun. Obìnrin náà gba kọ́kọ́rọ́ náà.

Ẹ má bínú, mo ní láti dìde rìn yí yàrá ká kí n tó lè kọ ìlà tó kàn. Ó gba kọ́kọ́rọ́! Òwú ti wà lábẹ́ páànù ilé náà, gíláàsì ti wà lójú fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́, gbogbo rẹ̀ lórúkọ Káfíńtà. Ó kó fáìlì rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó ń fi ìborùn bo ọ̀gbẹ́, ó ń kọ fọ́ọ̀mù nínú òtútù. Ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé òun ti rí ọ́fíìsì sí òdì kejì ìlú, pé kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu wá síbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń bọ̀.

Káfíńtà ni sùúrù rẹ̀ kọ́kọ́ tán. Ó pe ìyàwó rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ kan, ó ń sinmi kí ó tó sọ èkejì.

"Àǹtí... ti gbìyànjú. Àwọn ọ́fíìsì yẹn ló ń fi wá... ṣeré. Lọ síbẹ̀. Dúró tì wọ́n... lórí."

Ó lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin ọ́fíìsì náà tẹ nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà, ó yí ojú rẹ̀ sí i.

"Ìyá, wọ́n ti ṣe ti ọkọ yín o. Wọ́n ti parí ẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Òwú òrùlé, fèrèsé mẹ́rìnlá, ẹ̀rọ amúlétutù méjì. Àdírẹ́sì ẹ̀ nìyí."

"Ọmọ mi, fèrèsé kan ṣoṣo ló wà ní yàrá ọkọ mi."

Ọmọbìnrin náà wò ó, ó wo kọ̀ǹpútà, ó kọ àdírẹ́sì náà sórí ìwé pélébé, ó fún un. Onídìrí kọ́kọ́ yà sílé. Kò sọ nǹkan kan fún ọkọ rẹ̀. Inú àpótí iṣẹ́ Káfíńtà ló lọ, ó mú òòlù tó tóbi jù níbẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni. Ìyá Fọ́ọ̀mù wà nínú yàrá iwájú, ó ń kọ fọ́ọ̀mù ẹnì kan lọ́wọ́, ló bá gbọ́ tí gíláàsì fọ́ yángá ní ẹ̀gbẹ́ ilé.

"Ta ló ń jẹ́ orúkọ ọkọ mi nínú ilé yìí?"

Ó mọ ohùn náà. Ìkọ̀wé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Gíláàsì kejì fọ́. Ẹ̀kẹta fọ́. "Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ọkọ mi, jáde! Jáde wá jẹ àìsàn ẹ̀ náà! Àìsàn rẹ̀ lo fi gba fèrèsé, jáde wá bá a wúkọ́!"

Fèrèsé tó wà lọ́dọ̀ Ìyá Fọ́ọ̀mù ló kàn. Ó sá sẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta dí ẹnu ọ̀nà ìyẹ̀wù. Òòlù wọlé, gíláàsì dà sórí fáìlì rẹ̀ yàà, ooru ìta sì rọ́ wọlé.

Ọ̀gá Fèrèsé sáré jáde láìwọ ẹ̀wù. Ọ̀pá irin fèrèsé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò béèrè nǹkan kan. Ó fi ọ̀pá náà gbá onídìrí lẹ́yìn, òòlù bọ́. Ó fi gbá a lápá. Ó fi ẹsẹ̀ ta á nínú, ó ṣubú sórí gíláàsì tó fọ́.

Gbogbo rẹ̀ ni Ìyá Fọ́ọ̀mù ń wò láti ihò aṣọ. Ó ní òun ka ọ̀pá náà: mọ́kànlá. Ó fi eyín bu ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ kó má baà ké. Kò jáde. Ọmọ tó pọ̀n dàgbà ń jẹ ìyà ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí i, kò jáde.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọbìnrin náà ń pariwo lábẹ́ ọ̀pá.

"Na mí! Pa mí! Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wá bá ọ! O ò mọ ẹ̀gbọ́n mi! Òun ló mọ gbogbo ìwé ìjọba, ó máa kọ ọ́ débi tó o máa lọ jìyà ẹ̀! Ẹ̀gbọ́n mi ò ní gbà!"

Ọ̀gá Fèrèsé dá ọwọ́ dúró. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí mú.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ? Ìyá Fọ́ọ̀mù?" Ó yíjú sí ilé. "Màdáàmù! Jáde wá! Ẹbí ẹ wá kí ọ!"

Kò mira.

"Ṣé kí n wọlé wá fà ọ́ jáde ni?"

Bí Ìyá Fọ́ọ̀mù ṣe fa aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìyẹn, ó jáde wá síwájú fèrèsé tó fọ́ náà. Ìborùn ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀, bàtà inú ilé ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Onídìrí dìde díẹ̀díẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀, apá òsì rẹ̀ rọ̀ gọ̀lọ̀tọ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo fáìlì tó wà lórí tábìlì lẹ́yìn rẹ̀.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ ti wà níbí látìgbà yìí?"

"Mo... mo wà níbí."

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń nà mí?"

Ó ní òun wá irọ́ títí, òun ò rí. "Mo gbọ́."

"Fọ́ọ̀mù yẹn ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

"Àbúrò mi, mo rò pé méjèèjì á..."

Kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú òòlù, ó sì jù ú sí orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀. Ìyá Fọ́ọ̀mù gbé ọwọ́ sókè láti fi dáàbò bo ojú. Òòlù bá ìka rẹ̀ mọ́ igi fèrèsé. Ó gbọ́ bí eegun ṣe fọ́ kó tó mọ̀ ọ́n lára.

Kò tíì tẹ́ Ọ̀gá Fèrèsé lọ́rùn. Ó tún gbé ọ̀pá sókè láti ẹ̀yìn, orí onídìrí ló dojú kọ. Nígbà náà ni Ìyá Fọ́ọ̀mù wá rántí pé òun ní ẹsẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì he gíláàsì ṣóńṣó kan, ó fi gún ọkùnrin náà ní itan, ó fà á yọ, ó tún gún un. Ọkùnrin náà ké bí ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tú sórí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ti ta ni mọ́. Báyìí làwọn aládùúgbò ṣe bá wọn, wọ́n pe ọlọ́pàá.

Ẹ ó rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Kò parí síbẹ̀.

Wọ́n kó gbogbo wọn. Ọ̀gá Fèrèsé sọ pé onídìrí ló wá ba ilé òun jẹ́, gíláàsì sì wà nílẹ̀ tó jẹ́rìí sí i. Wọ́n di onídìrí ní apá, wọ́n sì tì í mọ́ àgọ́ fún ọjọ́ méjì kí ọ̀rọ̀ tó yé wọn. Ọjọ́ méjì yẹn, Káfíńtà nìkan ló wà nínú yàrá páànù. Ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ilé pé wọ́n ti lu ìyàwó òun, wọ́n tún tì í mọ́lé. Ó dìde. Ẹni tí kì í lè rìn dé ẹnu ọ̀nà fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nínú oòrùn, ó ń dúró lẹ́yìn ilé kọ̀ọ̀kan.

Ó débẹ̀. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń na ìka sí ilẹ̀kùn àtìmọ́lé. Ó ya ẹnu, ọ̀rọ̀ kankan ò jáde. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò sí i kó tó kú.

Wọ́n ti gba onídùúró Ìyá Fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ kejì ìjà náà, ó sì ti lọ jẹ́wọ́ ní ọ́fíìsì ìrànwọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọwọ́ òsì ló fi fọwọ́ sí i, ó sì fi àdírẹ́sì àbúrò rẹ̀ rọ́pò tiẹ̀. Ọmọbìnrin kọ̀ǹpútà yẹn ní, "A ti tú nọ́ńbà wọn sílẹ̀. Àmọ́ ó máa tó oṣù kan kí wọ́n tó fèsì." Bí ẹni pé oṣù kan ṣì kù fún Káfíńtà.

Ìyá Fọ́ọ̀mù lọ síbi ìsìnkú Káfíńtà. Àwọn àbúrò Káfíńtà rí i látòkèèrè. Òkúta àkọ́kọ́ bà á léjìká, èkejì la iwájú orí rẹ̀. Wọ́n lé e dé títì pẹ̀lú igi, ẹnikẹ́ni ò sì bá wọn wí. Onídìrí dúró létí sàréè, ó ń wò. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe wo òun náà láti ẹ̀yìn aṣọ nìyẹn.

Ọ̀gá Fèrèsé wà lẹ́wọ̀n báyìí, wọ́n ń wọn oúnjẹ fún un. Ẹjọ́ Ìyá Fọ́ọ̀mù ṣì ń lọ lọ́wọ́. Mo bi í pé ẹ̀kọ́ wo ló fẹ́ kí n fi kọ́ yín.

"Ẹ sọ fún wọn pé bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Káfíńtà rò pé ìjọba ló ń pa òun. Èmi tó ń pè ní Àǹtí ni." Ó sunkún níbẹ̀, mo sì jẹ́ kó sunkún, mi ò fún un ní aṣọ ìnujú.

Ó nu ojú fúnra rẹ̀, ó sì sọ ohun tó gbé e wá sọ́dọ̀ mi gan-an.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan kanlẹ̀kùn rẹ̀. Ó ṣí i. Onídìrí ló dúró síta. Etí rẹ̀ kan ò gbọ́ràn mọ́ láti ọjọ́ ìjà náà, ó ń gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò wọlé. Ó na àpòòwé ìjọba kan sí i.

Lẹ́tà ìrànwọ́ ni. Wọ́n ti gba ti Káfíńtà wọlé, lọ́fẹ̀ẹ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní kó wà nílé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀ wá wọn fèrèsé rẹ̀. Bí kò bá fẹ́ ẹ mọ́, kó kọ fọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn.

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n kọ," àbúrò rẹ̀ wí. "Kọ ọ́."

Ìwọ. Látìgbà tí ọmọ náà ti mọ̀rọ̀ sọ, ẹ̀yin ló ń pè é.

Ìyá Fọ́ọ̀mù gbé ìwé náà lé orókún, ó fi ọwọ́ òsì mú ìkọ̀wé. Fọ́ọ̀mù ní: kí ló dé tí ẹ ò fẹ́ ìrànwọ́ náà mọ́? Àpótí mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí èèyàn lè fàmì sí. A ti kó kúrò. A ti gbà á níbòmíràn. A ò nílò rẹ̀ mọ́. Ó wá àpótí kẹrin títí, kò sí. Ó fàmì sí ẹ̀kẹta, àmì náà wọ́ bí ti ọmọ jẹ́léósinmi.

Ìlà kan ló kù nísàlẹ̀: kí ni ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù yìí jẹ́ sí ẹni tó ni ín?

Ó gbójú sókè. "Kí ni kí n kọ síbẹ̀?"

Àbúrò rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó ka ìlà náà fúnra rẹ̀, ó sì tún padà sí ibi tó dúró sí.

"Kọ ọ́ pé o ò jẹ́ nǹkan kan sí i."

Ó kọ ọ́. Onídìrí gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a sínú àpòòwé, ó sì bá tiẹ̀ lọ.